Owó Orí Olùkọ́ àti Owó Orí Aránṣọ

Láti inú àríyànjiyàn ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ yìí ti jáde wá. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ, àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí jókòó, a ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa. Ẹnì kan nínú wa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, sọ pé kò sí ẹni tí ọwọ́ ìjọba ń tètè tẹ̀ bí olówó oṣù, nítorí pé kí owó rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni a ti mú ti ìjọba kúrò níbẹ̀, nígbà tí aránṣọ àti oníṣòwò ń na gbogbo tiwọn bí ó ti wù wọ́n. Òmíràn, tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, dìde. Ó ní irọ́ ni, pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí agbowó kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá òun, àti pé olùkọ́ ní owó ìfẹ̀yìntì tí ìyá òun kò ní. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ó dé etígbọ̀ọ́ olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní ìṣirò, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí a mú ìwé, kí a ṣírò ọ̀ràn náà, kí a sì mú èsì wá. Èyí ni ohun tí a rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ náà wò, nítorí pé orúkọ yìí a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Owó orí ni àwọn baba wa pè é, nítorí pé orí ni a ń kà nígbà náà. A kì í bi àgbẹ̀ léèrè pé kí ni ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìkórè; bí ó bá ti dàgbà tó, iye tí a bù lé ẹnìkejì rẹ̀ ni a ó bù lé òun náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ogun sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918, èyí tí a ń pè ní Ogun Àdùbí. Òun náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò ọjà, kọ̀ ní ọdún 1947 àti 1948, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní Oṣù Kìíní ọdún 1949.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jùlọ ni ti àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn Agbẹ́kọ̀yà, ní ọdún 1968 àti 1969. Àgbẹ̀ kòkó jẹ́ ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, bí aránṣọ. Síbẹ̀ kì í ṣe òun ni ó ń dá iye tí a ó ra kòkó rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ra kòkó ni ó ń dá a. Bí òjò bá kọ̀, tàbí bí kòkó bá rà lórí igi, iye owó orí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, nítorí náà ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ń wí. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1969, tí ìjọba sì fi gbà láti dín owó náà kù sí £2. Ẹ kíyè sí i pé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò sọ pé àwọn kò ní san rárá. Iye ni wọ́n ń jà lé lórí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n kí ó bá wọn ṣírò èrè wọn.

Ní òde òní, orúkọ ni ó kù. Ohun tí ó wọlé fún ènìyàn ní ọdún kan ni òfin ń wò. Òfin owó orí tuntun ti ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2026, sọ pé kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, 15 nínú 100 ni ti ìjọba. Lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé èyí, 18 nínú 100 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi dé 25 nínú 100 lórí èyí tí ó bá lé ní ₦50,000,000, ibi tí a kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àtẹ kan náà ni ti olùkọ́ àti ti aránṣọ. Àtẹ méjì ni a ti rò pé a ó bá. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ bá wà, kò sí nínú iye tí òfin bù lé wọn. Inú ọwọ́ ẹni tí ń ṣe ìṣirò ni a gbọ́dọ̀ wá a lọ.

Ní ti olùkọ́, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ni òfin di ẹrù náà lé lórí: yóò yọ owó orí náà lóṣooṣù, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ tí olùkọ́ ń gbé kí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì tó kọjá. Èyí ni àwọn akọ̀wé ń pè ní P.A.Y.E. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àṣà náà wá. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1944, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé ogun ti sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di ẹni tí ń san owó orí, ó sì nira fún wọn láti kó owó ńlá jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan tí ń gba ₦150,000 lóṣù. Ní ọdún kan, ₦1,800,000 ni. Kí a tó ṣírò owó orí rẹ̀, òfin gbà pé kí a yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kúrò, èyí tí í ṣe 8 nínú 100. Kí ìṣirò wa má baà lọ́, a kà á lórí gbogbo owó oṣù rẹ̀, ó sì jẹ́ ₦144,000. Bí ó bá ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tí ó ń gbé, òfin tún gbà pé kí a yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Èyí jẹ́ ₦60,000. Ohun tí ó kù ni ₦1,596,000. A yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí. Ó ku ₦796,000. 15 nínú 100 rẹ̀ ni ₦119,400, ìyẹn ₦9,950 lóṣù kan. Olùkọ́ kò mọ ọgbọ́n kankan tí ó lè dá sí i. Ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń ra ṣọ́ọ̀kì láti inú àpò ara rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n akápò kì í yọ ọ̀kankan nínú wọn kí ó tó ṣírò owó orí rẹ̀.

Ó wá kan aránṣọ. Ibi yìí ni a ti pẹ́ jù, nítorí pé ọ̀rẹ́ wa ọmọ aránṣọ kọ́kọ́ sọ pé òun kò mọ iye tí ń wọlé fún ìyá òun. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé ìyá òun pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti àjọ̀dún tí ó kọjá, ó sì mọ èjìká àti ìbàdí olúkúlùkù wọn ní orí, ṣùgbọ́n kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nítorí náà a dá aránṣọ tiwa. A sọ pé ₦300,000 ni àwọn oníbàárà ń san fún un lóṣù, èyí tí í ṣe ₦3,600,000 lọ́dún. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí yóò sọ pé aránṣọ ní owó ní ìlọ́po méjì ti olùkọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ olùkọ́ sì pariwo. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí a gba owó orí lórí owó tí ó wọlé. Lórí èrè ni. Gbogbo ìnáwó tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kúrò. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦240,000. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti aṣọ tí a fi ń tẹ́ inú jẹ́ ₦600,000. Owó ọmọṣẹ́ tí ń bá a rán jẹ́ ₦600,000. Epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦360,000. Àpapọ̀ wọn ni ₦1,800,000. Èrè rẹ̀ sì ni ₦1,800,000. Olùkọ́ àti aránṣọ di ẹgbẹ́ ara wọn!

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Oúnjẹ tí ó sè fún àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́. Aṣọ ẹbí tí ó rà kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó rán an. Bí ó bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, kò lè yọ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀, ní ọdọọdún, ni òfin gbà pé kí ó yọ ọ́, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Bí òun náà bá ń san ₦300,000 fún ilé tí ó ń gbé, a yọ ₦60,000, ó ku ₦1,740,000. A yọ ₦800,000, ó ku ₦940,000. 15 nínú 100 rẹ̀ ni ₦141,000. Ó fi ₦21,600 ju ti olùkọ́ lọ. Níbo ni ₦21,600 yìí ti wá? A wá a títí, a sì rí i pé owó ìfẹ̀yìntì ni: 15 nínú 100 ti ₦144,000 ni ₦21,600 gééré. Olùkọ́ fi owó pamọ́ de ọjọ́ ogbó rẹ̀, òfin sì fi ojú rere wo owó náà; lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ fi 10 nínú 100 kún un, gẹ́gẹ́ bí òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ti wí. Ní ti aránṣọ, kò sí ẹni tí yóò fi kọ́bọ̀ kan kún tirẹ̀. Láti ọdún 2019 ni a ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tí ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe pé kí àwọn náà máa kó owó ìfẹ̀yìntì jọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí a bi léèrè ní àyíká wa, kò sí ẹni tí ó ti gbọ́ ọ rí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, a gbà pé ọmọ aránṣọ jàre.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kẹta ni ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ wa ní kí a tún aránṣọ náà ṣírò, kí a sì rò pé kò ní ìwé kankan: kò ní rìsíìtì òwú, kò kọ owó ọmọṣẹ́ sílẹ̀, kò lè fi hàn pé òun ra epo. Bí ẹni tí ń díye lé owó orí bá wá, tí ó sì rí ₦3,600,000 tí ó gba inú báńkì kọjá, kí ni yóò ṣe? Òfin fún un ní àṣẹ láti díye lé e bí ó bá ti tọ́ lójú rẹ̀. Bí ó bá wo owó tí ó wọlé nìkan, tí ó yọ ₦60,000 ti ilé, ó ku ₦3,540,000. ₦800,000 kò ní nǹkan lórí. ₦2,200,000 mú ₦330,000 wá. ₦540,000 tí ó ṣẹ́kù bọ́ sí ipò 18 nínú 100, ó mú ₦97,200 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦427,200. Ẹ fi í wé ₦141,000. Aránṣọ kan náà ni, ọwọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. ₦286,200 ni àìkọ̀wé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ wa sọ ohun tí kò sọ fún wa ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní ìwé kan ti wá bá ìyá òun rí láti ọ́fíìsì kan, pé iye tí a kọ sínú rẹ̀ ju ohun tí ìyá òun rí jẹ ní ọdún náà lọ, àti pé ìyá òun kò ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn bí kò ṣe ẹkún. Ó bẹ̀bẹ̀, ó yá owó, ó san án. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé òfin fún un ní ọjọ́ 30 láti kọ̀wé pé òun kò gbà. Bí a bá sì ti sọ fún un pàápàá, kí ni ì bá kọ? Ọmọ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ dìde lọ jókòó tì í.

Kí a má ṣe rò pé ẹjọ́ ọmọ olùkọ́ wá ṣófo. Òtítọ́ ni pé òfin retí kí ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìṣirò ọdún tí ó kọjá, kí ó sì fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta tó kọjá. Òtítọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kò lè sá, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó di okùn mú. Ẹni tí ó lè sá, tí ó sì sá, ń fi ẹrù ìlú sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè sá, àwa kò sì mọ orúkọ mìíràn tí a lè pe èyí ju àìṣòótọ́ lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àìmọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn agbowó ń já fún ìyá ọ̀rẹ́ wa, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, owó ẹgbẹ́ sì jẹ́ ti ẹgbẹ́; kò sí èyí tí ó jẹ́ owó orí nínú méjèèjì. Obìnrin náà ti rò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí pé òun ń san owó orí lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ó kọ wọ́n sínú ìwé ìnáwó rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀ràn kan wà tí ó kan àwa olùkọ́ tààrà, tí a kò sì fẹ́ràn láti sọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ gba owó, tàbí tí ìyàwó ń bá ta ọjà nínú ilé. Akápò kò rí owó yìí, kò sì lè yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin pa owó oṣù àti èrè náà pọ̀ ṣọ̀kan. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ olówó oṣù ní òwúrọ̀, ó sì di aránṣọ ní ìrọ̀lẹ́, òun náà gbọ́dọ̀ ní ìwé.

A tún rí ìyàtọ̀ kékeré kan tí a kò retí. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju iye tí ó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ kì í san owó orí rárá. Láti ọdún 2024 ni iye náà ti jẹ́ ₦70,000, tí í ṣe ₦840,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́-ọwọ́ tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦840,000, tí ń gbé ilé baba rẹ̀, tí kò sì ní owó ilé tí yóò yọ, yóò san owó orí lórí ₦40,000 tí ó lé, èyí tí í ṣe ₦6,000. Ìdí rẹ̀ kò yé wa, olùkọ́ wa pẹ̀lú kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Ní ti ọ̀nà tí aránṣọ lè gbà rí ₦141,000 ní Oṣù Kẹta, a gbà pé kò sí ẹni tí yóò bá iye bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹní rẹ̀ ní ọjọ́ kan. A pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ ₦11,750. Bí a bá sì ka ọjọ́ iṣẹ́ 25 sí oṣù kan, ₦470 ni fún ọjọ́ kan. Alájọ ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà lójoojúmọ́. Èyí tí ó ṣòro ni pé kí owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọbẹ̀ má ṣe gbé inú àpò kan náà, nítorí pé nígbà tí ọmọ bá ń sunkún ebi, kò sí ìyá tí yóò béèrè pé owó ta ni òun ń mú.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ wa ra ìwé olójú-ewé 80 kan fún ìyá rẹ̀. Ó la ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, àti ohun tí a ná an sí. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní ìwé kẹfà ni ó ń kọ ọ́ ní alálaalẹ́, tí ìyá ń sọ, tí ọmọ ń kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rí i pé owó epo tí ń lọ sórí aṣọ kan ju ohun tí ìyá náà ń rò mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ti fi owó kún owó ìránṣọ rẹ̀.

Fún àwọn tí yóò fẹ́ lo ọ̀ràn yìí ní kíláàsì, ìṣirò kan nìyí tí a ti dán wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ìwé kẹfà nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan gba ₦2,500,000 lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní ọdún kan. Ó ná ₦1,460,000 lórí pákó, ìṣó, àtè, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọṣẹ́. Ó tún ná ₦200,000 lórí ìsìnkú baba ìyàwó rẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé, kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Èló ni owó orí rẹ̀? Ọmọ 31 ni ó wà ní kíláàsì náà. 19 nínú wọn ni ó yọ owó ìsìnkú.